Tikó Ni Wọ́n Bí Mi

Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì gbé bírò rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra fi ìka méjì ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá wo ìyá bàbá mi lójú. "Mama," ó ní, "ẹ má bínú. Níbi tí òfin dé, ẹ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà."

Fáànù tó wà lókè orí wa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń yí. Ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ọwọ́ náà le, òórùn àdín wà lára rẹ̀ bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́. Bàbá mi tí wọ́n dúró sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó rò pé àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó bá wọn rín in. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ti bímọ mẹ́ta báyìí, síbẹ̀ bí fáànù kan bá ń dún bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì tí mo wọ̀, àyà mi á já kí n tó rántí ohun tó fà á.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi mì wá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ nínú ilé wa. Àwọn ni wọ́n ń ṣe àdín ní àdúgbò wa ní Ẹdẹ. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, wọ́n á gbé òkúta pẹlẹbẹ kan síwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa èkùrọ́. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ọwọ́ òsì á gbé kóró kan lé òkúta, ọwọ́ ọ̀tún á fi òkúta kékeré sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ inú rẹ̀ á bọ́ sínú igbá, èèpo á lọ sínú agbọ̀n, torí èèpo la fi ń dáná. Ìró yẹn ló ń jí mi. Bí mo bá jí tí mi ò gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ara Ìyá Àgbà kò yá.

Wọ́n máa ń kà á bí wọ́n ṣe ń pa á. Kì í ṣe ení, èjì, ẹ̀ta. Èdè kan ni wọ́n fi ń kà á tí gbogbo àwa ọmọ ilé gbọ́ dé orí ẹẹ́wàá péré, torí bí Ìyá Àgbà bá ti dé ẹẹ́wàá, wọ́n á tún padà síbẹ̀rẹ̀. Òun la fi ń ṣeré bojúbojú. Ẹni tó bá bojú á kà á dé ẹẹ́wàá, àwa yòókù á sá pamọ́. Àwọn ọmọ agbo ilé mìíràn ń fi Yorùbá ka tiwọn, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ eré ṣe. Lójú tèmi, bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ní bó ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni tiwa náà ṣe ní bó ṣe ń ka nǹkan. Mi ò ní í kọ ọ́ síbí, torí mi ò mọ bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan èkùrọ́ nínú ìkòkò irin, kò sí ibi téèyàn lè sá sí. Èéfín á gba gbogbo àgbàlá, á wọ inú yẹ̀rì ilé-ìwé mi tí mo sá sórí okùn, n óò sì gbé òórùn rẹ̀ lọ sí kíláàsì. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ ìyá aládìn-ín, mo sì ń bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọmọ náà ń sáré bọ̀. Wọ́n ń wá láti Alájùẹ, wọ́n ń wá láti ìlú Ara. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí obìnrin náà ṣàlàyé tán kí wọ́n tó bu àdín sọ́wọ́, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ọmọ lára, tí wọ́n á sì máa bu ìyá ọmọ pé kò tètè wá.

Yorùbá ẹnu wọn jinlẹ̀ ju ti bàbá mi lọ. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé wa, Ìyá Àgbà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ki oríkì ilé fún un, láìgbé ọ̀rọ̀ kan jù sílẹ̀. Èmi alára, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ìyàwó ilé àtijọ́ ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n bá nílé ọkọ tàbí tí wọ́n bí síbẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé bí ẹnì kan bá ní kí n mú ojúlówó ọmọ Ẹdẹ wá, n ò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ṣoṣo ló wù wọ́n láyé, Mẹ́kà. Wọ́n ti ra aṣọ funfun kan sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ká a sínú àpótí abẹ́ ibùsùn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ká a padà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, tí tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, bàbá mi ti bá wọn gba àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó èrò lọ. Ó ku ìwé ìrìnnà nìkan. Inú Ìyá Àgbà dùn débi pé wọ́n ń ṣàdúà fún òkúta tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́, wọ́n ní òun ló rán àwọn lọ.

Ní ìlú wa, bí o bá fẹ́ kí ìjọba gbà pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ọ́, àgbà agbo ilé rẹ ní láti jẹ́rìí sí i. Ti Ìyá Àgbà rọrùn. Ilé tí wọ́n ti wá sílé ọkọ kò jìnnà, ògiri kan ló pa tiwọn àti tiwa pọ̀. Baálé ilé náà ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, Alhaji arúgbó kan tó ga, tí fìlà rẹ̀ kì í wọ́, tó ti lọ sí Mẹ́kà láyé àtijọ́. Èèyàn dáadáa ni Baba Baálé, àmọ́ ẹnu wọn kì í mọ ibi tí wọ́n ń gbé dúró. Bí o bá bi wọ́n pé aago mélòó ló lù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ ra aago wọ Ẹdẹ.

Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sí Òṣogbo ni wọ́n ti ń bẹ̀ wọ́n. "Baba, ẹ jọ̀wọ́, tí ọkùnrin yẹn bá ti bi yín pé ṣé ẹ mọ Ìyá mi, ẹ ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Baba Baálé dá wọn lóhùn.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu wọn ni wọ́n fi tọ́ mi."

Ọkùnrin tó gbà wá ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà náà ní ìwà. Ó fún àwọn àgbà ní àga, ó ní ará ìlú Awo ni òun, ó bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí. Fọ́ọ̀mù tí bàbá mi kọ wà níwájú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wà lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí, bàbá mi ti kọ Ẹdẹ. Wọn ò mọ̀ ọ́n mọ̀ parọ́. Wọ́n ti gbọ́ lọ́mọdé pé ọ̀nà jíjìn ni ìyá wọn ti wá, àmọ́ ìtàn ilé ni, wọn ò rò pé ó kan ìwé. Kí ni wọn ì bá tún kọ?

Ọkùnrin náà gbé bírò, ó bi Baba Baálé tẹ̀rín-tẹ̀rín, "Baba, ẹ mọ Mama yìí dáadáa?"

Baba Baálé tún fìlà wọn ṣe. Mo rí i tí bàbá mi di ojú.

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ìyá mi ló mú un wọlé. Ìyá mi máa ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, bàbá ẹ̀ sì wà lára wọn. Àlejò ni. Tikó ló ti wá, lọ́hùn-ún, létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún òyìnbó. Ìyá ẹ̀ ti kú síbẹ̀, ló bá gbé ọmọ kọ́rùn wá. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún méje lọ, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Nígbà tí ibà pa bàbá ẹ̀, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ìyá mi bá fà á lọ́wọ́ wálé, ó ní kí bàbá mi wo ọmọ òun. Bàbá mi ò jiyàn. Ó pa àgbò, ó sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo agbo ilé jẹ, wọ́n mu. Ọ̀gá, ẹni tí wọ́n bí sínú ilé, ṣé ẹnikẹ́ni ló yàn án? Bó ṣe wá la gbà á. Èyí, a jókòó, a yàn án. Tiwa ni ju èmi tí ẹ ń wò yìí lọ."

Wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Ojú wọn ń dán. Lójú wọn, kò tún sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Lójú gbogbo àgbà Ẹdẹ tí mo mọ̀, kò sí. Ẹni tí ilé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ta ni yóò tún bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi kò gbọ́ ìtàn náà rí. Mo gbójú sókè wo Ìyá Àgbà bí ẹni pé wọ́n pààrọ̀ wọn sórí àga.

Ọkùnrin ará Awo náà kò kọ nǹkan kan. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Baba, ọ̀rọ̀ yín gùn, mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mama, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ẹdẹ ni wọ́n kọ síbí. Tó bá jẹ́ Ẹdẹ ni, iṣẹ́ mi ti parí, ẹ ó gba pásípọ́ọ̀tù yín. Tó bá jẹ́ Tikó ni, tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni bàbá àti ìyá yín ti wá, mi ò ní í lè ṣe é. Níbo ni wọ́n bí yín?"

"Ẹdẹ ni," bàbá mi sọ lẹ́yìn wa. "Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé Ẹdẹ ni."

Ìyá Àgbà wo fọ́ọ̀mù náà. Mo ń retí kí wọ́n sọ ọ́. Mo ń fi ọwọ́ fún wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n sọ ọ́, torí mo mọ aṣọ funfun yẹn, èmi ni mo ń bá wọn gbé e síta.

"Tikó ni wọ́n bí mi," wọ́n ní.

"Ìyá!"

"Ọmọ mi, ilé Ọlọ́run ni mò ń lọ. Ṣé irọ́ ni n óò fi ṣe ìwé ọ̀nà? Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Tí mo bá ní Ẹdẹ ni wọ́n bí mi, ta wá ni ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀?"

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà gbé bírò lélẹ̀ tó sọ ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa. Mo rántí àlàyé náà nítorí pé ó fara balẹ̀ ṣe é, ó ń fi ọwọ́ yàwòrán sórí tábìlì. Ó ní ọwọ́ Jámánì ni ilẹ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Jámánì nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pín in, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì máa bá àwọn tọ́jú apá kan. Gẹ̀ẹ́sì so apá yẹn mọ́ Nàìjíríà, láti ibí ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba rẹ̀, ẹni tó bá wù ú ń ti ibẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbí láìgba ìwé kankan. "Ṣùgbọ́n wọn ò fi ṣe ara Nàìjíríà rí, Mama. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n gbé fúnni wò. Ó ń jẹun nílé yín, ó ń sùn nílé yín, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ogún. Lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò, bóyá Nàìjíríà ni wọ́n ń bá lọ tàbí Kamẹrúùnù. Àwọn tó wà lápá àríwá mú Nàìjíríà. Àwọn ará apá gúúsù, níbi tí Tikó wà, mú Kamẹrúùnù."

"Wọ́n dìbò?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ta ló dìbò tèmi?"

"Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló dìbò."

"Èmi wà ní Ẹdẹ." Ohùn wọn kò ga. "Mo ti bímọ méjì. Àdín ni mò ń dín lọ́dún yẹn."

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí, kàyéfì rẹ̀ kò tán. Obìnrin kan jókòó sídìí iná rẹ̀ ní Ẹdẹ, ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ro èkùrọ́ nínú ìkòkò. Ní ọ̀nà jíjìn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń ju ìwé sínú àpótí ìbò. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, ó ti di àlejò níbi tó jókòó sí, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún un fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ń bí mi sí i títí dòní, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Àwọn tó dìbò kò ṣẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin ará Awo kò ṣẹ̀ ẹ́.

Baba Baálé kò lè dìde lórí àga. Bàbá mi àti ọkùnrin náà ló gbé wọn lápá. "Ẹnu mi," wọ́n ń sọ. "Ẹnu mi yìí." Ní gbogbo ọ̀nà Òṣogbo sí Ẹdẹ, fìlà wọn wà lórí itan wọn, wọn kò sọ̀rọ̀. Àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mo wo ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo rí i pé ó ti fọ́ tiẹ̀.

Ọkùnrin náà ti sọ ọ̀nà kan fún wa kí a tó jáde. Òfin gba obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kódà bí ọkọ ti kú, láti bẹ ìjọba pé kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìwé náà ń lọ sí Àbújá, ọ̀dọ̀ olórí orílẹ̀-èdè ló ń parí sí. Ó ní ó máa ń pẹ́. Wọ́n á bèèrè ẹ̀rí pé ìgbéyàwó wáyé, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n so yìgì bàbá bàbá mi àti Ìyá Àgbà, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti kú tán, àfi ẹnì kan. Ẹni náà ni Baba Baálé.

Báyìí ni a tún gbé wọn lọ sí kóòtù láti búra, tí gbogbo wa sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kóòtù ní kí wọ́n gé e kúrú. Wọ́n ní àwọn ò gé e.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé mọ́tò ìjọba yóò wá gbé Ìyá Àgbà lọ. Máàpù Nàìjíríà ńlá kan wà lára ògiri kíláàsì wa. Mo gun àga, mo wá Tikó lórí rẹ̀ títí. Kò sí. Bí ìlà ẹnu ibodè ti dópin lápá ìlà oòrùn, funfun ni ìyókù bébà náà, bí ẹni pé kò sí ilẹ̀, kò sí èèyàn. Nínú funfun yẹn ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà mi. Nígbà tí mo délé, mo bi wọ́n bóyá wọ́n á wá mú wọn.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò máa pariwo lé ọ lórí láràárọ̀?"

Àwọn ìyàwó ilé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, torí bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní ilé wa bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Bí bọ́ọ̀lù bá pa Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pọ̀, wọ́n á ní kí Ìyá Àgbà lọ jókòó lọ́tọ̀. Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní tiwọn ló máa gbá a wọlé. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tún ṣe é, tí Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ni wọ́n ní, jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó tún dán an wò.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ kò sẹ́ni tó fiyè sí i àfi èmi. Ìyá Àgbà kò ka èkùrọ́ mọ́. Kọ́, kọ́, kọ́, láìsí ohùn. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ń retí oókan, kò wá. Ó tó oṣù kan kí n tó gbọ́ ọ yé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé èdè yẹn ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, wọ́n ti tì í mọ́nú. Mo dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn. Ọwọ́ wọn dúró lókè. Wọ́n wá sọ òkúta kalẹ̀, mo ka ẹyọ kan. Wọ́n tún sọ ọ́, mo ka èkejì. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí agbọ̀n fi kún.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Tikó fún mi, díẹ̀díẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n lórí nínú òjò. Òjò ibẹ̀ pọ̀, wọ́n ní, kì í dá bí ti Ẹdẹ. Baba Baálé náà ń wá lójoojúmọ́, wọ́n á gbé àpótí tiwọn, wọ́n á bá wa pa èkùrọ́ láìsọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n pa. Wọ́n ń fọ́ kóró náà mọ́ ọmọ inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń bà mí lọ́jà jẹ́," Ìyá Àgbà sọ níkẹyìn.

"Mo ti ba èyí tó jù ú lọ jẹ́."

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn mi tó. Àwọn ni wọn ò ní àyè tí wọ́n lè kọ ọ́ sí nínú ìwé wọn."

Bàbá mi lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó wà lọ́wọ́. Àwọn èrò Mẹ́kà lọ lọ́dún náà, wọ́n bọ̀. Wọ́n tún lọ lọ́dún kejì. Aṣọ funfun ń jáde sórí okùn ní gbogbo Jímọ̀, ó ń wọlé lálẹ́. Nínú oṣù Ààwẹ̀ ọdún kẹta, Ìyá Àgbà kírun Àsárì, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní ìkírun, wọn ò jí. Èmi ni mo lọ pè wọ́n fún ìṣínu. Mo gbọ́ bí àwọn obìnrin tó wá wẹ̀ wọ́n ṣe ń wá aṣọ, mo wọ yàrá, mo fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, mo gbé e fún wọn. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi sin wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sin wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọ́n ti bí wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Baba Baálé sọ pé àwọn ń lọ sí Mẹ́kà. Bàbá mi ní kí wọ́n rò ó dáadáa, torí ẹsẹ̀ wọn ti ń wú. Wọ́n ní kì í ṣe fún ara wọn. Ẹni tó bá ti ṣe Háájì tirẹ̀ lè ṣe é fún òkú tí kò rí ọ̀nà lọ, Ànábì fi àyè gbà á. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n bọ̀, gbogbo wa péjọ sí àgbàlá, wọ́n jókòó sórí àpótí Ìyá Àgbà lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní lórí òkè Árífà, ọkùnrin kan láti Ìwó jókòó tì wọ́n lábẹ́ agboòrùn, ó bi wọ́n pé, "Alhaji, ta lẹ ṣe tiyín fún?"

Bàbá mi gbójú sókè. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní àbúrò mi ni."

"Ó tán síbẹ̀?"

"Ó ní ọmọ ibo ni." Baba Baálé tún fìlà wọn ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn ṣe é. "Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú irin."

"Ó gbọ́ ọ tán?"

"Oòrùn ti wọ̀ kí n tó parí. Wọ́n ti ń pe gbogbo èrò pé ká máa lọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí wọn tí wọ́n sunkún nìyẹn.

Baba Baálé náà ti jáde láyé. Ìwé Àbújá kò dé títí dòní. Nígbà míì, bí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù, tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ìlú àti orílẹ̀-èdè, mo máa ń kọ Ẹdẹ àti Nàìjíríà, òótọ́ sì ni, àmọ́ bírò mi máa ń dúró díẹ̀ lórí ìlà yẹn. Mo mọ̀ báyìí pé a lè mú orílẹ̀-èdè kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni nígbà téèyàn ń ro ìkòkò, láìsí ariwo kankan. Mi ò mọ̀ bóyá mo máa ní àyà láti sọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ ní ọ́fíìsì yẹn. Mo ń tọrọ kí wọ́n má bi mí.

Àmọ́ wọ́n bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní ìdáná, àwọn ọmọ mi ń ṣeré bojúbojú, àbíkẹ́yìn mi sì ń fi èdè Ìyá Àgbà kà á dé ẹẹ́wàá. Ó wá sọ́dọ̀ mi láìparí eré náà. Ó ní tíṣà òun gbọ́ ọ ní ilé-ìwé, tíṣà sì bèèrè èdè tó jẹ́.

Ó rọrùn fún mi láti sọ pé eré lásán ni. Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé ọpọ́n ẹ̀wà kúrò lórí itan, mo ní kó jókòó.

"Ìyá kan wà," mo ní, "tó máa ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn tó ń tún ojú irin ṣe."